Orúkọ Tí Sàrúmì Pè Lórí Bẹ́ẹ̀dì

Ẹsẹ̀ Sàrúmì ló kọ́kọ́ ya aláìgbọràn. Á ní kó yà sọ́tùn-ún, á gba òsì lọ. Ní àdúgbò Zongo, níbi tó ti ń ta páátì alùpùpù, wọ́n ní ó ti ń mutí ní kọ̀rọ̀, ọkùnrin tí kò fẹnu kan ọtí rí. Nígbà tí omi lásán wá ń há a lọ́fun, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn láti ya àwòrán inú orí rẹ̀.

Dókítà, ọmọ Kútọnu tó ń sọ Faransé wàràwàrà, ṣàlàyé fún un. Iṣan kan tó ń gbẹ́jẹ̀ lọ sọ́pọlọ ti gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ó lọ́ kọ́rọkọ̀rọ, ó sì jókòó lé ìdí ọpọlọ, níbi tí ìrìn àti ọ̀fun ti ń gbàṣẹ. Wọn yóò ṣí ẹ̀yìn orí, wọn yóò fa iṣan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn yóò fi tìmùtìmù kékeré kan sáàárín. Sàrúmì ní ṣé òun ò kúkú lè rí tuntun rà, kí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Dókítà ní kò sí páátì ẹ̀ lọ́jà.

Ní ti Kúlúsúmù ìyàwó rẹ̀, ikú gan-an kọ́ ló ń bà á lẹ́rù jù. Kí ọkọ òun jí tán, kó má mọ òun mọ́ ni.

Iṣẹ́ abẹ náà gba wákàtí mẹ́fà. Lọ́jọ́ kejì, Sàrúmì lajú. Dókítà nawọ́ sí Kúlúsúmù, ó bi í pé kí lorúkọ obìnrin yìí.

"Ìyá Hùdá."

Kúlúsúmù dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Dókítà wo fáìlì, ó fajú ro: kò sí Ìyá Hùdá kankan níbẹ̀. Ó tún bi í, Ìyá Hùdá náà ni. Dókítà ní ọpọlọ yìí ò tíì balẹ̀, àfàìmọ̀ kí wọ́n má tún ṣí orí.

Sàrúmì wo àjà, ó wo dókítà.

"Kúlúsúmù," ló wí.

Dókítà pàtẹ́wọ́. Kúlúsúmù figbe ta, ó ṣubú sórí àga. Ọdún mẹ́rìnlélógún tí wọ́n ti fẹ́ra, ọkùnrin yìí ò pè é lórúkọ rí. Ta ló ń pe ìyá ọmọ rẹ̀ lórúkọ lójú àwùjọ nílé wọn? Ó ní ọpọlọ ọkọ òun ti lọ. Dókítà ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Obìnrin náà ní kí wọ́n dá iṣan yẹn padà síbi tí wọ́n ti gbé e. Dókítà ò mọ èwo ni aláìsàn nínú àwọn méjèèjì mọ́, ló bá jáde.

Sàrúmì fọwọ́ kan ìborùn ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Hùdá, dákẹ́. Ìdánwò ni wọ́n ṣe fún mi."

Kúlúsúmù nujú. Ó wẹ̀yìn, kò rẹ́nì kankan.

"Bàbá Hùdá," ló wí jẹ́jẹ́, "ẹ tún Kúlúsúmù yẹn pè."