Ìkarahun Ìsáwùrú Tó Mú Ọkọ̀ Wá

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: èmi náà purọ́. Nígbà tí àwọn akànìyàn ìjọba wọ Ìtún-Ọ̀sà ní oṣù kẹta ọdún 2006, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ká apá lérí àyà, mo ní èmi àti Abdulbasit ọkọ mi nìkan là ń gbé inú ilé yẹn. Àwọn ọmọ mi (ẹ má bi mí pé mélòó) wà nínú ọkọ̀ lábẹ́ igi ẹ̀gbà lẹ́yìn ilé, mo ti kìlọ̀ fún wọn pé ẹni tó bá sín, màá sọ ọ́ sómi.

Gbogbo abúlé ló ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, tí o bá bi obìnrin pé ọmọ mélòó ló bí, ohun tí yóò fi dá ọ lóhùn ni pé Ọlọ́run ṣeun. Tí o bá tún bi í lẹ́ẹ̀kejì, á bi ìwọ náà pé ta ló rán ọ wá. Àwọn akànìyàn kọ ohun tí a sọ sílẹ̀, wọ́n wọ ọkọ̀ wọn padà, àwa sì rẹ́rìn-ín wọn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó di ọdún kejì kí a tó mọ̀ pé ara wa là ń fi rẹ́rìn-ín.

Abẹ́ Amuwo-Odofin ni Ìtún-Ọ̀sà wà, ṣùgbọ́n omi ló wà láàárín àwa àti títì. Tí o bá dúró sí èbúté wa láàárọ̀, wàá rí òrùlé àwọn ilé Festac kedere. Kí o tó débẹ̀ ni wàhálà. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì péré ló ń ná ọ̀nà Mile 2 nígbà yẹn, ògbólógbòó ẹ́ńjìnnì ni méjèèjì, àwọn tó ń wà á sì ń da kẹrosíìnì mọ́ epo kó lè pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Èéfín dúdú rẹ̀ á rọ̀ mọ́ ọ láṣọ, á rọ̀ mọ́ ọ lọ́fun. Igba náírà ní àlọ, igba náírà ní àbọ̀. Ẹlòmíì ò pa igba náírà láàárọ̀ ṣúlẹ̀ nídìí ẹja.

Fareedah, àkọ́bí mi, ní ikọ́ fée. Nígbà tó wọlé sí sẹ́kọ́ńdìrì ní Festac, ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi wọ ọkọ̀ yẹn. Lọ́jọ́ kẹta, bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú omi ni wọ́n ṣe gbé e sọ̀ kalẹ̀, ẹnu rẹ̀ là, èémí ò wọlé, kò jáde. Tíṣà rẹ̀, Àǹtí Stella, ló sáré gbé e lọ sọ́sípítù. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń gbé lọ́dọ̀ Àǹtí Stella ní Fifth Avenue, ó di ìgbà ọlidé kí bàbá rẹ̀ tó fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lọ mú un wálé, ìrìn ìdajì ọjọ́.

Àǹtí Stella ṣe fún wa, Ọlọ́run á ṣe tiẹ̀ fún un. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó ń dùn mí. Inú ilé onílé ni ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù rẹ̀. Orí fóònù ni mo ti gbọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ọdún 2007, Àǹtí Stella pè mí. Ó ní, “Ìyá Fareedah, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ibi iṣẹ́ ọkọ mi ti gbé e lọ sí Àbújá, ìparí oṣù yìí la ń kó lọ. Ẹ jẹ́ kí n mú Fareedah dání. Tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ sọ fún mi kó tó di Sọ́ńdè, torí mo gbọ́dọ̀ wá ilé ìwé fún un níbẹ̀.”

Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Tí mo bá ní kó dúró, èéfín yẹn á pa á, tàbí kó fi ìwé sílẹ̀. Tí mo bá ní kó máa lọ, ó di Àbújá nìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún bóyá.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Akíntáyọ̀ dé. Ọmọ Festac ni, iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló ń bá ìjọba ṣe, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun wá sínú ẹrẹ̀ wa. Ọkọ̀ tuntun ló gbé e wá. Ẹ ò rí ọkọ̀! Ó ní ìbòrí, ó ní ìjókòó, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò sì pariwo ju ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Èmi tí mi ò kì í gba nǹkan gbọ́, mo lọ dúró lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì náà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, mo na ìborùn mi funfun sí i. Funfun ló wọlé, funfun ló jáde. Mo gbóòórùn rẹ̀, òórùn ọṣẹ tí mo fi fọ̀ ọ́ ló ń rùn.

Akíntáyọ̀ ní ìjọba ló máa ru èyí tó pọ̀ jù nínú ìnáwó rẹ̀, pé àádọ́ta náírà ni èrò máa san, ọmọ ilé ìwé á san ogún. Ariwo sọ. Ló bá ṣí fáìlì rẹ̀, ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà.

Ó ní, “Ẹ má bínú o. Ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n fún mi ni pé èèyàn mọ́kànléláàádọ́rin ló ń gbé Ìtún-Ọ̀sà. Abúlé tó bá ní ọ̀ọ́dúnrún èèyàn tó máa wọ̀ ọ́ la ń gbé e fún. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló sì kù.”

Àwọn ọmọdé tó yí i ká, tí wọ́n ń fọwọ́ kan bàtà rẹ̀, ju mọ́kànléláàádọ́rin lọ! Òun náà wò wọ́n, ó wo fáìlì, ó tún wò wọ́n. Kálukú mọ ohun tó sọ fún akànìyàn.

Ọmọlúàbí ni Akíntáyọ̀. Ó ní òun lè kọ nọ́ńbà tuntun, àmọ́ òun gbọ́dọ̀ fi ojú ara òun rí i. Òun á padà wá lọ́jọ́ Sátidé, kí ilé kọ̀ọ̀kan wá sọ iye ẹni tó wà níbẹ̀ tó fẹ́ wọ ọkọ̀ náà.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè a pàdé níwájú ilé baálẹ̀. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ iye. Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ mi, ló wá gbẹ́nu sọ fún gbogbo wọn: “Ọkọ̀ dára, a dúpẹ́. Àmọ́ ẹnikẹ́ni ò ní ka ọmọ nílùú yìí níṣojú mi.”

Inú mi ru. Mo ti mọ ara mi, tí inú mi bá ti ru báyìí, ó yẹ kí n dìde kúrò níbẹ̀. Mi ò dìde. Mo ní, “Ìyá, ṣé torí pé tiyín kú ni tèmi ò ṣe ní padà wálé?”

Ẹ gbà mí! Mo fẹ́ kí n rí ọ̀rọ̀ náà mú padà, kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣe é. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn Ìyá Àgbà. Ní ọdún 1963, nígbà tí wọ́n wá ka èèyàn, ìyàwó ọ̀dọ́ ni. Ó yọ̀, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde síwájú akànìyàn, ó ní mẹ́fà ni wọ́n. Kí oṣù tó lé, èéyi ti pa méjì nínú wọn. Láti ìgbà náà kò tún fẹnu ara rẹ̀ ka ọmọ mọ́, títí kan àwọn ọmọ ọmọ.

Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde, ó lọ sílé. Abdulbasit wò mí, ó ní, “Nùsírátù, èyí tí o ṣe yìí ò dáa.” Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo lọ kúnlẹ̀ fún un. Ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi abẹ́rẹ́ yọ ìsáwùrú, ó ń da ìkarahun rẹ̀ sínú agbọ̀n.

Mo ní, “Ìyá, ẹ dárí jì mí. Ẹnu mi ló burú, inú mi ò burú.”

Kò wò mí. Ó ní, “Inú rẹ náà burú díẹ̀.”

Mo kúnlẹ̀ títí eékún fi ń ro mí. Nígbà tó yá, ẹkún gbọ̀n mí. Mi ò sọkún fún ọkọ̀ o. Mo ní, “Mo kàn fẹ́ kí ọmọ mi máa sùn nílé ni, Ìyá. Tí wọ́n bá mú un dé Àbújá, mo ti sọ ọ́ nù nìyẹn.”

Abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró. Ó ní, “Ìgbà wo ló wá kẹ́yìn?”

Mo ní, “Ìgbà Iléyá ni. Nígbà ọlidé Àjíǹde, ikọ́ ń dà á láàmú.”

Ó mú ìkarahun òfìfo kan, ó gbé e kalẹ̀ sórí ẹní. Ó mú òmíràn tì í. Ọ̀kan fún oṣù kan, ó ń tò wọ́n lọ, títí wọ́n fi pé méje. Ó wò wọ́n. Lẹ́yìn náà ó wo agbọ̀n tó kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ní, “Ìkarahun kì í kú. Ẹ ka ìkarahun.”

Bó ṣe di Sátidé nìyẹn tí agbọ̀n Ìyá Àgbà wà létí èbúté lófìfo, òkìtì ìkarahun wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun náà jókòó tì í pẹ̀lú ọ̀pá. Ẹni tó bá máa wọ ọkọ̀, kó mú ìkarahun kan nínú òkìtì, kó jù ú sínú agbọ̀n, kó máa lọ. Kò sí iye tí ẹnikẹ́ni máa dá. Ọmọdé, àgbà, gbogbo wọn tò. Ọláńrewájú apẹja fẹ́ ju méjì, ọ̀pá bà á lọ́wọ́ gbà!

“Ẹyọ kan! Ṣé èèyàn méjì ni ọ́?”

Juliana tó lóyún ní ṣé kí òun ju ti inú òun mọ́ ọn. Ìyá Àgbà ní, “Jẹ́ kó jáde wá ju tiẹ̀.” A rẹ́rìn-ín títí. Ó ti pẹ́ tí a ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Akíntáyọ̀ ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n wá kọ sílẹ̀? Ìkarahun?”

Ìyá Àgbà ní, “Ìwọ rí àwọn tó jù ú. Kọ ohun tí o rí.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ bàtà, ó jókòó lórí ọkọ̀ tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń kó ìkarahun jọ ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Òórùn ìsáwùrú gba gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. Nígbà tó parí, ó tún un kà. Ó gbé ojú sókè, mo sì ti mọ̀ pé kò dára.

Ó ní, “Ọ̀ọ́dúnrún ó dín méjì.”

Ẹ̀yin á ní mo tún ń purọ́, ó ṣe tán mo ti jẹ́wọ́ ọ̀kan. Ẹ lọ bi Akíntáyọ̀. Méjì ló kù! Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn, wọ́n ń wá ẹni tí kò tíì jù. Kò sí. Mo ń wo Akíntáyọ̀ bóyá á fojú fò ó, àmọ́ bíírò rẹ̀ wà lókè, kò tíì sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá Àgbà ló fọwọ́ ti ọ̀pá rẹ̀ dìde. Mo wá rántí pé agbọ̀n ló ń ṣọ́ láti àárọ̀, kò tíì ju tirẹ̀. Ó mú ìkarahun kan, ó jù ú. Ó ní, “Tèmi nìyẹn. Mo fẹ́ lọ rí Festac kí n tó kú.”

Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú òmíràn jáde. Ó dì í mú, kò jù ú.

Akíntáyọ̀ rọra bi í pé, “Mà, ta ló ni ìyẹn?”

Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni Ìyá Àgbà kò fi dárúkọ ọmọ kankan fún ẹni ìjọba. Ó ní, “Ọmọ ọmọ mi ni. Fareedah lorúkọ rẹ̀. Ó wà níwájú yín lọ́hùn-ún ní Festac, èéfín ni kò jẹ́ kó wálé. Kọ ọ́ sílẹ̀.”

Ó jù ú sínú agbọ̀n. Akíntáyọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ariwo tí àwọn èèyàn pa, wọ́n gbọ́ ọ ní Mile 2. Èmi ò pariwo. Ara mi kàn wálẹ̀ wọ̀ọ̀, mo di Ìyá Àgbà mú, ó ní kí n yé fún òun lọ́rùn. Ọjọ́ yẹn náà ni mo pe Àǹtí Stella, mo ní Fareedah ń bọ̀ wálé. Inú rẹ̀ dùn, òun náà sì sunkún díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú kí wọ́n tó gba ọlidé ni ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn ọmọ ilé ìwé wọ̀ ọ́ lọ láàárọ̀. Àǹtí Stella ní òun fúnra òun á mú Fareedah dé Mile 2 nírọ̀lẹ́, tòun ti báàgì rẹ̀.

Mo ti wà ní èbúté láti aago mẹ́ta. Ìyá Àgbà wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Ó nasẹ̀ sórí ẹní, ìkarahun kún itan rẹ̀, mi ò bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, bí ọmọ kan bá ti sọ̀ kalẹ̀, á mú ìkarahun kan kúrò lórí itan, á gbé e sórí ẹní. Ọmọ kan, ìkarahun kan. Kò fẹnu kà wọ́n.

Àwọn ọmọ sọ̀ tán. Ó ku ìkarahun kan lórí itan rẹ̀, òun náà ń wo ọkọ̀, èmi náà ń wò ó. Fareedah wá yọ láti ẹ̀yìn, báàgì ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó ga jù mí lọ. Ó sáré wá, ó dì mọ́ mi, mo fi etí mi lé àyà rẹ̀. Èémí rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, kò sí fée kankan nínú rẹ̀.

Ìyá Àgbà gbé ìkarahun ìkẹyìn sórí ẹní.

Ó ní, “Wọ́n pé.”

Ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó ní ká lọ wá nǹkan fún ọmọ náà jẹ.