Àdúrà Ọjọ́bọ̀

"Dùùrù ńkọ́?"

Àǹtí Ìwé béèrè lẹ́ẹ̀kejì lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ mẹ́tàlá tí wọ́n jókòó yí i ká ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í ṣe ohun èlò orin ló ń béèrè. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá tó ń tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n sọ ní Dùùrù, ọmọ náà kò sì tíì pa Ọjọ́ Ìsinmi kan jẹ rí láti ìgbà tí Àǹtí Ìwé ti dé ibẹ̀. Lónìí, aṣọ ṣì wà lórí dùùrù, àga ọmọ náà sì ṣófo.

"Bóyá oorun ló gbé e lọ," ni ọ̀kan nínú wọn wí. Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí Ìwé náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kọ̀, kò wá.

Ìwé àkọsílẹ̀ tí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Àǹtí Ìwé. Ó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ìránṣẹ́ láàárín àwọn ọ̀dọ́ Kristẹni, oṣù mẹ́ta ni wọ́n sì ní kó lò ní ṣọ́ọ̀ṣì yìí, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tó ń kà. Ó ti ṣe irú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá níbòmíràn, ó sì fìdí rẹmi, nítorí ìtìjú kò jẹ́ kó lè la ẹnu bá ọmọ kankan sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, ilé ló ń lọ. Lọ́la ni pásítọ̀ máa fọwọ́ sí ìwé tó máa sọ bóyá ó yege.

Ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ fi dùn jù nígbà tí Dùùrù jókòó tì í ní Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá. "Àǹtí, mo fẹ́ sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ fẹ́nì kankan."

"Mo ṣèlérí," ni Àǹtí Ìwé wí, kó tó ronú.

Ọmọ náà ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ojú bẹ́líìtì wà níbẹ̀, tuntun lórí àtijọ́. "Bàbá mi ni. Tí mo bá ti pẹ́ níbi ìdánrawò orin báyìí, ó parí."

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni olùkọ́ wọn obìnrin, ẹni tí wọ́n ń pè ní Màmá Ìlànà lẹ́yìn rẹ̀, ti kọ́ wọn pé: "Ẹ má ṣe bá ọmọdé dá májẹ̀mú àṣírí. Bí ọmọ bá fi ọgbẹ́ hàn yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ pè mí, kí ẹ sì pa ẹnu yín mọ́ fún gbogbo ayé tó kù." Àǹtí Ìwé fi bírò pupa kọ ọ́, ó sì fa ìlà méjì sí i nídìí. Ìlà ò ṣèdíwọ́ fún nǹkan kan.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì fún ọjọ́ mẹ́rin, kò lè jẹun, kò lè sùn. Nígbà tó di àdúrà àwọn òṣìṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, tí kálukú ń mú kókó àdúrà wá, tó sì kàn án, ó dìde. "Ẹ jẹ́ ká rántí ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa. Bàbá rẹ̀ ń lù ú kọjá ààlà." Kò dárúkọ. Lójú tirẹ̀, tí èèyàn ò bá ti dárúkọ, kò tíì tú àṣírí. Ẹ gbà mí o! Ọ̀rọ̀ tí kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnì kan, ó sọ ọ́ fún ogún èèyàn tó di ojú, ẹnì kan ṣoṣo tó yẹ kó gbọ́ kò sì sí níbẹ̀. "Àmín" tó dún ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ̀yìn ló ti wá.

Ẹni tó ni ohùn ẹ̀yìn yẹn ló yọ sí ẹnu ọ̀nà báyìí. Àbúrò bàbá Dùùrù ni obìnrin náà, òun ló ń kó ìwé orin jọ lẹ́yìn ìsìn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà," ni Àǹtí Ìwé wí. "Mi ò rí Dùùrù lónìí."

"Ara rẹ̀ ò yá díẹ̀ ni." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ṣé gan-an fún àdúrà Ọjọ́bọ̀ yẹn. Mo jíṣẹ́ fún bàbá rẹ̀ pé gbogbo wa la bá wọn gbà á."

Ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àǹtí Ìwé pe fóònù ọmọ náà, wọ́n ti pa á. Ó tún un pè. Ó ní kí àwọn ọmọ máa lọ sílé, ó sì sáré lọ bá pásítọ̀ ní ọ́fíìsì.

Pásítọ̀ gbọ́ ọ dé òpin, ó sì mí kanlẹ̀. "Ọ̀rọ̀ inú ilé nìyẹn. Bàbá yẹn ló ṣe irin gbogbo fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Màá bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti pẹ́ jù, sà."

"Ìwọ ọmọ yìí, ìwé rẹ rèé lórí tábìlì mi. Àbí o fẹ́ fọwọ́ ara rẹ ṣera rẹ ni?"

Ó wo ìwé náà. Orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, àyè ìfọwọ́sí ṣófo nísàlẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù tirẹ̀ àti ti ọmọ ọlọ́mọ, kò sì mọ èyí tó tóbi jù. Ó kúnlẹ̀, ó ní "ẹ ṣé, sà," ó sì jáde.

Ojú títì ló ti pe Màmá Ìlànà. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ìgbà wo lọmọ náà sọ fún ọ?"

"Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mà."

"Ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ta ló tún gbọ́?"

"Ogún èèyàn, mà. Mo fi ṣe kókó àdúrà."

"O mọ ohun tí ìgbìmọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ṣe fún ọ?"

"Mo mọ̀, mà."

"Fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Mò ń pe obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé. Lọ sí àdúgbò wọn, kí o fi nọ́ńbà ilé ránṣẹ́ sí mi. Má dá wọlé o. Ṣé o gbọ́? Má dá wọlé."

Wẹ́dà ni bàbá Dùùrù. Géètì ilé rẹ̀ ga, ó kùn ún ní búlúù, ó sì fi irin òdòdó sí gbogbo fèrèsé, ó rẹwà lójú. Àǹtí Ìwé dúró ní òdì kejì títì. Ì bá sàn kó gbọ́ ẹkún. Ilé náà pa lọ́lọ́. Kọ́tìnì kan mì, ó tún dúró, géètì sì ṣí.

"Ẹ̀yin ni Àǹtí Ìwé." Ọkùnrin náà wọ aṣọ funfun mímọ́, ohùn rẹ̀ tutù. "Ẹ wá wọlé. Wọ́n ní ẹ fẹ́ràn àdúrà. Ẹ jẹ́ ká gbà á pọ̀."

"Mò ń dúró de àwọn kan, sà," ni Àǹtí Ìwé wí.

"Àwọn wo?"

Ọkùnrin náà di géètì mú ní ṣíṣí, ó ń wò ó, Àǹtí Ìwé náà ń wò ó, kò sì kúrò níbi tó wà. Ó tó ìdajì wákàtí kí ọkọ̀ Màmá Ìlànà tó yọ ní kọ̀rọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba náà jókòó síwájú, ọlọ́pàá kan wà lẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n mú Dùùrù jáde, aṣọ alápá gígùn ló wọ̀ nínú oòrùn yẹn. Wọ́n fi àkísà wé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ títí dé orí ìka. Ó dúró níwájú Àǹtí Ìwé.

"Ẹ ní ẹ ò ní sọ."

Gbogbo àwáwí tí Àǹtí Ìwé ti tò sílẹ̀ lójú ọ̀nà ló fò lọ. "Kò yẹ kí n ṣèlérí yẹn. Mo sì tún lọ sọ ọ́ níbi tí kò yẹ. Èmi ni mo fà á. Jọ̀ọ́, má bínú."

Màmá Ìlànà na ọwọ́ sí Dùùrù, ọmọ náà fi ọwọ́ òsì dì í mú, ó sì wọ ọkọ̀.

Òṣìṣẹ́ ìjọba náà na fọ́ọ̀mù kan sí Àǹtí Ìwé pẹ̀lú bírò. "Ìwọ lo kọ́kọ́ gbọ́. Kọ tìrẹ kí a tó lọ."

Ó gbé e lé bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Ìbéèrè kẹta ni: Kí ni ẹni tí ọmọ náà kọ́kọ́ sọ fún ṣe nípa rẹ̀? Ó lè kọ pé "mo pe olùkọ́ mi," kò ní jẹ́ irọ́. Ó gbójú sókè. Dùùrù ń wò ó láti inú ọkọ̀.

Ìlà méjì péré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdáhùn. Àǹtí Ìwé yí ìwé náà sí ẹ̀yìn, níbi tó ṣófo, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àdúrà Ọjọ́bọ̀.