Nígbà Tí Jíà Kò Gbé Ọkọ̀ Mọ́

Ẹ́ńjìnì ń ké ramúramù, ọkọ̀ kò lọ. Bàbá Ìbejì tún tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀. Ariwo lásán. Ni ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ sẹ́yìn lórí òkè tó lọ sí ilé ìwòsàn ojú, Bàbá Ìbejì sì yára fa búréèkì ọwọ́.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ jọ̀ọ́," ìyàwó rẹ̀ sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ó ti ń ké báyìí láti ìjẹta. Ẹ ní etí mi ló ń dà mí láàmú."

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ti lù. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún ìyàwó rẹ̀, èyí kan ṣoṣo tó ṣì ń ríran díẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́, ó di oṣù márùn-ún, dókítà sì ti sọ pé ojú náà kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Bàbá Ìbejì na ọwọ́ sí ọkọ̀ mẹ́ta; kò sí èyí tó dúró.

Obìnrin mẹkáníìkì kan sáré jáde láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́bàá títì.

"Ṣé ẹ máa ń yẹ ọ́ílì jíà wò, bàbá?"

"Ojoojúmọ́! Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wa ọkọ̀ akẹ́rù. Mo pa ẹ́ńjìnì, mo fa géèjì tí wọ́n fi ń wọn ọ́ílì yọ, ó kún dẹ́múdẹ́mú."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Ọ́ílì ẹ́ńjìnì ni wọ́n ń wò bẹ́ẹ̀. Jíà ọtọmátíìkì yìí, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, kó sì gbóná. Tẹ́ ẹ bá pa á, ọ́ílì tó wà lókè á ṣàn padà sísàlẹ̀, á wá dà bíi pé ó kún."

Ó tan ẹ́ńjìnì, ó fa géèjì yọ. Ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ni ọ́ílì kàn. Rọ́bà kan tí ọ́ílì ń gbà kọjá ti ń jò. Ó gé ibi tó là, ó so ó padà, ó da ọ́ílì sí i. Bàbá Ìbejì sún jíà sí D, ọkọ̀ sì gbéra.

"Ẹ dúpẹ́ o," mẹkáníìkì sọ. "Tẹ́ ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i ni, jíà yìí ì bá ti jó."

Bàbá Ìbejì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àní ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ tó ṣí géètì ilé ìwòsàn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tí kò tíì pe ẹlòmíràn wọlé. Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ sì padé.

Ìgbà yẹn ló tó yé e pé òun ti dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ayé, ó ku ẹni tó ní kí òun má tẹ̀ ẹ́ mọ́.

"Ẹ lọ jókòó lọ́hùn-ún, bàbá," nọ́ọ̀sì kejì sọ.

"Rárá, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ n dúró síbí."

Ó fara ti ògiri. Ká sòótọ́, kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ "O ṣé" fún ìyàwó ẹni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn jẹ́jẹ́ dán an wò.