Ẹsẹ̀ Tí Kò Mọ Ìrora

Àmúsà télọ̀ ń ṣe àlùwàlá ìrun Alaasari lọ́wọ́ ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn ní Baruwa, nígbà tí ọkùnrin tó jókòó tì í bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀jẹ̀ wo ló ń ṣàn lẹ́sẹ̀ yín yìí?"

Àmúsà gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ló rì sínú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, lábẹ́ ọmọńdinrín ìka. Ìdí abẹ́rẹ́ náà nìkan ló yọ síta. Ó fà á yọ. Kò dùn ún. Ó tẹ ojú ibẹ̀, ó tún un tẹ̀, bí ẹni ń tẹ ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Nínú oòrùn yẹn náà ni òtútù ti mú un.

Ó mọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Egbò kékeré báyìí ló yọ sí Raheem ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lórúnkún, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi sin ín. Látìgbà náà ni Àmúsà kò ti jẹ́ kí dókítà kankan yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò. Ìdí máṣíìnì ló ń jókòó sí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mínírà tútù àti búrẹ́dì ló fi ń ti ebi, ọ̀kadà ló sì ń gùn lọ síbi tí ọmọdé ń fẹsẹ̀ rìn dé. Òùngbẹ kì í kúrò lọ́fun rẹ̀. Ó ní oòrùn Èkó ni.

Ó fi àkísà di egbò náà, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ lé e, ó sì dákẹ́. Ó wá di pé ìbọ̀sẹ̀ ló ń wọ̀ sùn.

Òórùn ló tú u fó. Hàbíbátù ìyàwó rẹ̀ ń gbálẹ̀ yàrá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rò pé eku ló kú síbẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sára ìbọ̀sẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá Aasiyah, ẹ bọ́ ọ."

"Fi mí sílẹ̀ jàre."

Ó kúnlẹ̀, ó bọ́ ọ fúnra rẹ̀. "Subhanallah!" Ọmọńdinrín ìka náà ti dúdú bí èédú. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

Àmúsà fa ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn. "Wọ́n á gé e ni, Hàbíbá. Wọ́n á gé e bíi ti Raheem."

"Ẹ dìde. Mò ń lọ pe kẹ̀kẹ́."

Ní ọsibítù, obìnrin dókítà kan tó ń jẹ́ Ọláyẹmí mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ní kó wo ògiri, kó sì sọ nígbà tó bá mọ̀ ọ́n lára. Àmúsà ń retí. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

Dókítà tún fi irin náà tẹ ibòmíì. Hàbíbátù, tó ti ń wo irin náà láti ibì kan dé ibòmíì lórí àtẹ́lẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ìka yìí ti kú, bàbá," ni dókítà wí. "A máa yọ ọ́. Ìyókù ẹsẹ̀, à ń wò ó ná."

Wọ́n yọ ìka náà. Gbogbo ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá ti wá ń tú báńdéèjì, Àmúsà á kọjú sí ògiri. "Hàbíbá, ṣé ó ti dúdú gòkè sí i?"

"Rárá."

"Wò ó dáadáa."

Kò gòkè. Oògùn àti abẹ́rẹ́ fa ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀, egbò sì jiná, wọn kò gé ẹsẹ̀ náà. Dókítà ní kó pa mínírà tì, kó máa jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, kó sì máa rìn lójoojúmọ́.

Láàárọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ jáde rìn, Àmúsà ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni ń rìn lórí àfọ́kù ìgò. Kò wo iwájú, ilẹ̀ ló ń wò.

"Ẹ gbójú sókè, kí ọkọ̀ má lọ gbá yín."

"Bí mo bá gbójú sókè, ta ni yóò sọ fún mi bí nǹkan bá gún mi?"

Hàbíbátù di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Èmi ń bá yín wo ilẹ̀," ló wí, wọ́n sì ń rìn lọ.