Oúnjẹ Pẹ́lẹ́ńgẹ́

Mo ti ìdí ẹṣin wa, dókítà ẹranko fa ìjánu rẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì gorí òṣùwọ̀n, ti ẹ̀yìn kọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn. Ìyàwó mi jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò wá.

"Ẹ rọra," ó ní. "Kì í ṣe ọkọ̀ tó bàjẹ́."

Ẹṣin náà gòkè. Nọ́ńbà yí, ó dúró. Kílò méjìdínláàádóje.

Ẹṣin aràrá ni, irú èyí tí kì í ga ju ìbàdí ènìyàn lọ. Ó rù nígbà tí a rà á, ìyàwó mi sì sọ ọ́ ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́.

"Kí lẹ pè é?" dókítà bi mí.

"Pẹ́lẹ́ńgẹ́."

Ọ̀dọ́mọbìnrin ni dókítà náà. Ó wo ikùn ẹṣin, ó wò mí, ó gbé ẹ̀rín mì. Ó fi ìka wá egungun ìhà rẹ̀, kò rí ọ̀kan. Ó di ẹran ọrùn rẹ̀ mú. Ó le bí igi. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé pátákò, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀.

"Bàbá, ó gbóná. Ẹ fọwọ́ kàn án."

Mo fọwọ́ kàn án. Ó gbóná.

"Kí lẹ ń fún un jẹ?"

"Ọkà, igbá kan láàárọ̀, igbá kan nírọ̀lẹ́. Èérí àgbàdo. Koríko, iye tó bá fẹ́."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

Ogójì ọdún ni mo fi tọ́jú ẹṣin ńlá, àwọn tó ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù láti òwúrọ̀ títí dalẹ́. Ohun tí mo ń fún wọn ni mo dín kù fún un, mo sì rò pé ó tó bẹ́ẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kì í fa nǹkan kan. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná lọ.

Dókítà ṣàlàyé. Ọgọ́rùn-ún kílò ló yẹ kó jẹ́. Ọ̀rá ló ń ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Bí ara rẹ̀ kò bá fúyẹ́, egungun inú pátákò á yẹ̀, kò ní lè dúró mọ́. Tó bá dé ibẹ̀, abẹ́rẹ́ ikú ló kù.

"Ebi ni màá fi wò ó," mo ní.

"Rárá o, Bàbá! Ẹ má febi pa á. Irú àwọn kékeré yìí, bí wọn kò bá jẹun fún ọjọ́ méjì péré, ọ̀rá ara wọn á ya wọ inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn gan-an á sì pa wọ́n. Oúnjẹ la máa pààrọ̀."

Ó kọ ọ́ sínú ìwé fún mi, ó sì kà á sókè. Koríko gbígbẹ, èyí tó ti gbó tó sì le, kì í ṣe èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Kílò kan ààbọ̀ lóòjọ́, ká wọ̀n ọ́n, ká má fojú díwọ̀n. Ká rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún wákàtí kan kí ṣúgà inú rẹ̀ lè ṣàn jáde, ká sì da omi náà nù. Ká pín in sọ́nà mẹ́rin, ká máa kó o sínú àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ kó má baà jẹ ẹ́ tán kíá. Iyọ̀ díẹ̀. Ìyẹ̀fun èròjà aṣaralóore tó kó fún wa, ṣíbí kan. Kò sí ọkà, kò sí èérí, kò sí kárọ́ọ̀tì, kò sí búrẹ́dì.

Níbi tó ti dárúkọ búrẹ́dì ni ìyàwó mi gbójú kúrò.

Ọdún tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú apá ọ̀tún rẹ̀. Ó mú ọwọ́, kò mú ẹnu. Nọ́ọ̀sì ní kó máa na ọwọ́ náà lójoojúmọ́, kò na án. Ẹṣin ló na án. Ìyàwó mi kì í fi ọwọ́ òsì fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan, àní ẹṣin pàápàá. Nítorí náà, láràárọ̀, ọwọ́ ọ̀tún tó ti ká kò yẹn ló fi ń gbé búrẹ́dì. Á gbọ̀n, á já bọ́, á tún un gbé, títí ẹṣin á fi gbà á lẹ́nu ìka rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ló fi ṣe é. Àtàǹpàkò àti ìka kan ti ń ṣí.

Lọ́jọ́ kejì mo gba búrẹ́dì àti kárọ́ọ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kó ọwọ́ náà sábẹ́ aṣọ. Kò gbé e jáde mọ́.

Èmi ni mo ń wọn koríko, èmi ni mo ń rẹ ẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì dókítà padà wá, a ti ẹṣin gorí òṣùwọ̀n. Kílò mọ́kàndínláàádóje. Ó ti fi ọ̀kan lé e.

Nígbà tí dókítà lọ tán, mo wọlé.

"Ìyá wọn, o ti ń fún un ní nǹkan."

"Èmi?"

"Ta ló tún kù nílé yìí?"

"Ẹ gbọ́, Bàbá wọn. Ẹ gba búrẹ́dì, ẹ gba kárọ́ọ̀tì. Ìka tí mo fi ń bọ́ ọ ti padà di ìkúùkù. Ṣé ẹsẹ̀ ni mo wá ń fi bọ́ ọ?"

"Ẹṣin kì í jẹ afẹ́fẹ́ sanra."

"Òótọ́ ni. Ẹ bọ́ ṣòkòtò iṣẹ́ yín."

"Nítorí kí ni?"

"Ẹ ṣáà bọ́ ọ."

Mo bọ́ ọ. Ó fi ọwọ́ òsì gbọn àpò rẹ̀ sórí tábìlì. Àgbàdo dà jáde, ẹ̀kúnwọ́ kan. Hóró kan yí dé etí tábìlì, ó bọ́ sílẹ̀.

Mo wò ó. Nílé ẹṣin tí mo ti ṣiṣẹ́, òfin kan wà: a kì í fọwọ́ òfo lọ bá ẹṣin. Kí o tó ṣílẹ̀kùn, kí ọwọ́ rẹ ti wọ àpò. Èmi ni mo ń bu àgbàdo náà sápò láràárọ̀, èmi ni mo ń fún un ní gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò mọ̀ pé mò ń ṣe é. Ọwọ́ ló mọ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ lóòjọ́," ó ní. "Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń kà á. Mo rò pé oògùn dókítà ni. Àná ni mo rí hóró kan nílẹ̀."

"O rí i lánàá, o kò sọ?"

"Inú ló ń bí mi." Ó gbá àgbàdo náà jọ. "Ó yẹ kí n sọ."

"Èmi ni mo jẹ̀bi," mo ní.

"Ẹ tún un sọ. Etí òsì nìkan ló gbọ́."

Mo rán ẹnu àpò náà pa. Lẹ́yìn náà mo gbé òṣùwọ̀n kékeré sí iwájú rẹ̀, mo gbé koríko tì í.

"Máa bá mi wọ̀n ọ́n. Ọwọ́ mi kò ṣeé fọkàn tán."

"Tèmi wá ṣeé fọkàn tán?"

"Tìrẹ kò lè sáré."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún jáde lábẹ́ aṣọ. Ó mú koríko díẹ̀, ó já bọ́, ó tún un mú. Ọjọ́ àkọ́kọ́, kó tó pé kílò kan ààbọ̀, oòrùn ti kan àtàrí. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń han lẹ́nu ọ̀nà.

"Fara balẹ̀, ìwọ alájẹkì," ìyàwó mi ní. "A ṣì ń wọ̀n ọ́n lọ́wọ́."

Ẹ̀kúnwọ́ tó kẹ́yìn lórí òṣùwọ̀n kì í wọ inú àwọ̀n. Lẹ́yìn tí mo bá ti rẹ ẹ́, ìyàwó mi ló ń fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fún ẹṣin. Dókítà ní kò burú. Kò kúrò nínú ìwọ̀n.

Oṣù mẹ́rin nìyẹn. Pátákò ti tutù. Bí mo bá fi ìka wá egungun ìhà, mo ń rí i. Ìka mẹ́ta ti nà lọ́wọ́ ìyàwó mi, kì í sì í pẹ́ tó ìdajì wákàtí mọ́ kó tó wọ̀n ọ́n tán. Lánàá a ti ẹṣin gorí òṣùwọ̀n, ó ka mọ́kàndínláàádọ́fà.

Ó ku kílò mẹ́sàn-án.