Àṣá Tí Wọ́n Fi Pẹ́ńsù Kọ

Kí ọkọ̀ tó yà sí ọ̀nà Bọ́lọ́rundúró láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé náà, wọ́n ti fi Akínsànyà ṣe yẹ̀yẹ́ débi pé òun fúnra rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín. Mẹ́rin ni wọ́n nínú Síẹ́nà Pírínsípà. Pírínsípà Fọlákẹ́mi ló ń wa ọkọ̀ rẹ̀, ó nà ró gbagidi bí ẹni tó wà níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé. Nọ́ọ̀sì Yétúndé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tíṣà Bísọ́dún, tó fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ Oǹdó ní ìṣirò, wà lẹ́yìn pẹ̀lú Akínsànyà. Gbogbo wọn ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Sátidé kẹta nínú oṣù ni ẹgbẹ́ wọn máa ń kúrò ní Àkúrẹ́ lọ wo ẹyẹ nínú oko. Wọn kì í pa á, wọn kì í jẹ ẹ́. Wọ́n á wò ó, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé.

"Bàbá Precious," Bísọ́dún ní fún Akínsànyà, "àṣá tó lápá méjèèjì tó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ṣé ẹ̀pà ló ń tà ni?"

"Orúnkún lè máa dùn ún," ni Nọ́ọ̀sì dáhùn láti iwájú. "Kí wọ́n gbé e wá, màá fún un lábẹ́rẹ́."

"Nídìí wo, Nọ́ọ̀sì? Ẹyẹ ò ní ìdí tó gba abẹ́rẹ́!"

Pírínsípà gan-an rẹ́rìn-ín, ọkọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sínú kòtò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju èyí lọ. Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá, ní aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú àárọ̀, Akínsànyà wá kí àna rẹ̀ ní Bọ́lọ́rundúró, ó sì rí ẹyẹ kan tó gbéra láàárín koríko, tó ń fò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù. Nígbà tó padà dé ilé rẹ̀ ní Ọ̀bà-Ilé, ó ṣí ìwé ẹyẹ, ó rí àwòrán rẹ̀. Ìwé náà ní àṣá yìí kì í kọ́ ìtẹ́ sórí igi. Inú oko àlìkámà ló ń yé sí ní pápá gbalasa ilẹ̀ Sípéènì, orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló sì ń sùn. Tí òtútù bá mú lọ́hùn-ún, á kọjá òkun, á kọjá aṣálẹ̀, á wá jẹ ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ tiwa.

Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ṣùgbọ́n òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni kò rí rí gbọ́dọ̀ kan ojú ẹni méjì kí wọ́n tó fi yíǹkì kọ ọ́. Pẹ́ńsù ni Pírínsípà fi kọ tirẹ̀, ó sì fi àmì ìbéèrè gbàǹgbà sí iwájú orúkọ Akínsànyà. Ó ní tí wọn kò bá rí i títí di ọjọ́ tí ẹgbẹ́ máa jáde ní oṣù kìíní, òun á pa á rẹ́. Òní sì ni ọjọ́ náà.

Akínsànyà mọ pẹ́ńsù dáadáa. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni wọ́n fi pẹ́ńsù kọ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ́jísítà ní ọ́fíìsì tó ti ṣe mẹ́séńjà, nítorí pé káṣúà ni, òṣìṣẹ́ tí wọn kò fún ní ìwé ìgbanisíṣẹ́. Ọ̀gá mẹ́ta ló pa á rẹ́ nínú ọdún wọ̀nyẹn, ó sì mọ oṣù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pa á rẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni kó tó wọ ilé ìwé alẹ́. Bẹ́ǹṣì tó jókòó lé ní ìṣó kan lápá òsì, ó sì mọ ibi tí ìṣó náà ti gún un. Kò sọ ìkankan nínú èyí fún àwọn ará ọkọ̀.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ló sọ. "Ẹ ó rí i."

Kìtán, ọkùnrin tó ni oko tí Akínsànyà ti rí ẹyẹ náà, ti ń dúró dè wọ́n létí ilẹ̀ gbígbẹ kan tó tẹ́ lọ rẹrẹ. Wọ́n ti kórè àgbàdo ibẹ̀, pòròpórò nìkan ló kù, àti koríko tó ga dé ìbàdí.

"Ẹ ń wá ẹyẹ," Kìtán ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Pírínsípà dá a lóhùn.

"Ìbọn dà?"

"A ò ní yìnbọn sí i."

"Pàkúté lẹ fẹ́ dẹ nìyẹn."

"A ò ní dẹ pàkúté. A kàn fẹ́ wò ó ni."

Kìtán wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo awò tó rọ̀ mọ́ wọn lọ́rùn, èyí tí ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni. "Láti Àkúrẹ́?" ló bi wọ́n. "Ẹ kú ìnáwó epo o." Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó sì lọ jókòó sábẹ́ igi kó lè rí ìran náà dáadáa.

Pírínsípà ní kí wọ́n tò sórí ìlà, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má mira. Wọ́n dúró. Ọyẹ́ gbẹ wọ́n létè. Wọ́n rí àparò méjì, wọ́n rí ẹ̀gà, wọ́n rí olongo tó ń jẹ kóró koríko. Bísọ́dún yọ ẹ̀pà jáde lápò, ó rún ọ̀kan.

"Bísọ́dún!"

"Mà?"

"Kí ni mo gbọ́ yẹn?"

"Eyín mi ni, mà."

Nọ́ọ̀sì di imú mú kí ẹ̀rín má bọ́ lẹ́nu rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń jó.

Aago mẹ́wàá lù, kò sí àṣá. Pírínsípà ṣí báàgì, ó mú ìwé ẹgbẹ́ jáde, ó mú rọ́bà jáde tẹ̀ lé e. "Bàbá Precious, ẹ má bínú," ó sọ jẹ́jẹ́. "Ìdajì wákàtí sí i, ó tán." Akínsànyà tẹjú mọ́ rọ́bà yẹn. Ó funfun, ó tuntun, kò tíì pa nǹkan kan rẹ́ rí. Ó wù ú kó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó gbé e mì.

Àsìkò yẹn gan-an ni lékèélékèé yọ. Wọn kò kéré sí ọgọ́rin, wọ́n ń bọ̀ láti ìhà Oǹdó, wọ́n funfun báláú lójú ọ̀run. Ta ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀? Nọ́ọ̀sì Yétúndé ni, ìyá àgbà tó ti gbẹ̀bí ọmọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún. Ọwọ́ rẹ̀ kàn lọ sókè fúnra rẹ̀, ó ń mi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó ń bẹ lékèélékèé kó fún òun ní èékánná funfun. Bísọ́dún ju ẹ̀pà nù. "Èmi náà! Fún èmi náà!" Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ń fò sókè bí ọmọ ọdún mẹ́fà.

Akínsànyà kò tíì ṣe é rí. Ní kékeré, nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń juwọ́ sí lékèélékèé, ọkọ́ ló wà lọ́wọ́ tirẹ̀ lóko bàbá tó gbà á tọ́, kò sì gbọdọ̀ wòkè. Ó wo ìka rẹ̀. Ó gbé wọn sókè. Kó tó mọ̀, ó ti ń sáré tẹ̀ lé ẹyẹ nínú pòròpórò, awò ń gbá a láyà, ó ń kígbe, "Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá! Má yọ ọ̀kan sílẹ̀!" Kìtán ti ṣubú lulẹ̀ lábẹ́ igi níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín.

Pírínsípà nìkan ni kò gbọ́wọ́ sókè. Ó la ẹnu láti bú wọn, igbe mìíràn ló sì jáde níbẹ̀.

"Àṣá! Àṣá o! Mo rí i!"

Ariwo wọn ló lé ẹyẹ náà dìde, kò sì ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí ẹsẹ̀ Pírínsípà. Kí àwọn tó kù tó yíjú padà, ó ti wọ ẹ̀yìn igi lọ. Pírínsípà ń fò sókè, gèlè rẹ̀ ti bọ́.

"Ta ló tún rí i?" ló bèèrè. "Ẹ sọ̀rọ̀! Ta ló rí i?"

Bísọ́dún ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ yé, ojú rẹ̀ sì tàn bí ọjọ́ ọdún. "Ẹnì kan ṣoṣo. Á, Pírínsípà, pẹ́ńsù nìyẹn o. Pẹ̀lú àmì ìbéèrè."

"Èmi? Èmi ni ẹ ó fi pẹ́ńsù kọ?"

"Bàbá Precious, ẹ kúkú ní ẹ rí i," Nọ́ọ̀sì sọ fún un létí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ jẹun."

Akínsànyà ṣì ń mí gúlegúle. "N kò rí i lónìí," ló wí. "Lékèélékèé ni mò ń wò. Ti oṣù kọkànlá ni mo rí."

Pírínsípà fa ewé méjì ya nínú ìwé. "Òfin sọ pé ojú ẹni méjì. Kò sọ pé lọ́jọ́ kan náà. Èmi ni mo kọ ọ́, mo mọ̀ ọ́n. Tíṣà, ẹ ṣe ìdánwò fún wa. Tí ohun tí a rí bá yàtọ̀, ẹ pa méjèèjì rẹ́."

Bísọ́dún gbé àwọn méjèèjì jókòó sílẹ̀ nínú oko, wọ́n kẹ̀yìn síra. "Ìbéèrè kan: báwo ni ẹyẹ náà ṣe rí? Pírínsípà, ẹ má wẹ̀yìn o."

"Ta ló wẹ̀yìn?"

"Mo kìlọ̀ fún yín."

Akínsànyà kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ohun tó gbàgbé. Bísọ́dún gba ìwé méjèèjì, ó fi gègé pupa rẹ̀ máàkì wọn, ó ń kà á sókè. Ara bí eérú: méjèèjì. Ṣóńṣó apá dúdú: méjèèjì. Ìlà dúdú kan tó gba apá kọjá: méjèèjì. Ó ń na apá sókè nígbà tó bá ń rábàbà: méjèèjì. Ìlà pupa wẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ apá, bó ṣe wà nínú ìwé ẹyẹ: Akínsànyà nìkan.

"Bàbá Precious, márùn-ún nínú márùn-ún. Pírínsípà, mẹ́rin." Ó mi orí. "Ẹ lè ṣe dáadáa jù báyìí lọ, mà."

Nọ́ọ̀sì pariwo. Pírínsípà fi gèlè rẹ̀ gbá Bísọ́dún, ó gbá Akínsànyà, ó jó láti pòròpórò kan dé èkejì. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ṣí ìwé ẹgbẹ́ sórí itan Akínsànyà, ó sì fi báírò lé e lọ́wọ́.

"Ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́."

Ó kọ orúkọ ara rẹ̀, ọjọ́ Tọ́sìdeè, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá, aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ó fi ìka han Pírínsípà ibi tí tirẹ̀ máa wà, nísàlẹ̀.