Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Kúrò ní Pálọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ fi ìṣó tí ẹ fẹ́ rà sílẹ̀ ná. Ẹ fa àga yẹn mọ́ra, kí n ròyìn ohun tí mo rí lójú oorun lóru mọ́júmọ́ òní. Tí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in, ṣùgbọ́n ẹ má gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ mọ̀ pé ìgbà tí dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru ni Ìbídùn ọmọ mi ra kẹ̀kẹ́ kan fún mi, irú èyí tí wọ́n ń wà lójú kan nínú ilé láti fi làágùn. Inú páálí ló wà, gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwé tó ṣàlàyé bí a ṣe ń tò ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ èmi tí mò ń ta bóòtù ní bí a ṣe ń dè é? Mo mú sípánà, mo tò ó, ó dúró. Bóòtù mélòó kan ṣẹ́kù, mo dà wọ́n sínú agolo. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Ìbídùn ti ń sá aṣọ lé e lórí. Inú mi dùn sí i, torí níwọ̀n ìgbà tí aṣọ bá wà lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ní kí n gùn ún.

Síbẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ ò gbàgbé ẹ̀gbọ́n mi Oyèlẹ́yẹ. Ẹ̀jẹ̀ ríru yìí náà ni. Ó jókòó lẹ́yìn oúnjẹ, ó ní kí wọ́n bu omi wá fún òun, kí omi tó dé, ó ti lọ. Èmi ò fẹ́ lọ báyẹn.

Àlá náà rèé. Mo bá ara mi ní pálọ̀. Kẹ̀kẹ́ náà ró ìró ìyàwó mi, ó wé gèlè rẹ̀, ó sì dára lára rẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà." Mo dá a lóhùn, torí ẹni tó bá kí ni, ó yẹ ká dáhùn.

"Bàbá," ó ní, "wọ́n ń wá yín ní Ọ́fíìsì Èémí. Èémí yín ti fẹ́ tán. Tí ẹ ò bá débẹ̀ kí wọ́n tó ti ìlẹ̀kùn, wọ́n á gbé ìyókù fún ẹlòmíràn."

"Níbo ni ọ́fíìsì ọ̀hún wà?"

"Ojú òfuurufú ni, lókè odò tó wà lẹ́yìn ilé ìwé."

"Ìwọ tí o kì í kúrò lójú kan, báwo lo ṣe fẹ́ gbé mi débẹ̀?"

"Èmi ò ní lọ. Ìlú ló máa wá."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu lójú mi. Mo gùn ún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Ògiri pálọ̀ ṣí bí aṣọ ojú fèrèsé, ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀. Ilé epo ló kọ́kọ́ kọjá, ó ń tiro díẹ̀. Igi máńgòrò ọgbà ilé ìwé tẹ̀lé e, ó bẹ̀ mí pé kí n rọra wà á, òun ò tíì jẹun.

Ibi tí mo ti ń yọ̀ pé a ti fẹ́ débẹ̀ ni Bàbá Alága ẹgbẹ́ onílé yọ. Ẹ̀yin náà lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ta ni yóò jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kí àgbàlagbà máa kọjá? Mo bọ́ sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Bí ẹsẹ̀ mi ṣe kúrò lórí pẹ́dà ni ìlú dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn padà sí àyè rẹ̀. Ilé epo tún tiro kọjá, kò tilẹ̀ wojú mi.

Mo tún gùn ún. Kò pẹ́, olùkọ́ tó kọ́ mi ní ìṣirò yọ. Mo bọ́ sílẹ̀, ìlú padà. Mo tún gùn ún, ìyá ìyàwó mi yọ pẹ̀lú gbogbo mọ̀lẹ́bí wọn. Àna kì í ṣe ẹni à ń mi orí lásán kí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn níkọ̀ọ̀kan, títí kan ọmọ ọwọ́ tí wọ́n pọ̀n, torí mi ò mọ ipò rẹ̀ nínú ẹbí.

"Bàbá," kẹ̀kẹ́ ní, "ẹ̀kọ́ ilé yìí máa pa yín."

"Kí wá ni kí n ṣe? Ṣé kí wọ́n wá sọ pé wọn ò kọ́ mi nílé ni?"

Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti to òun, mi ò fi òróró kan òun lára rí, bóòtù òun ò sì pé. Mo ní kò burú. Mo lọ sí ilé ìdáná, epo orí ọbẹ̀ nìkan ni mo rí, mo bù ú sí ṣéènì rẹ̀ pẹ̀lú ata inú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ sín, ó sín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Ni àwọn bóòtù tó ṣẹ́kù bá jáde nínú agolo, wọ́n jókòó yí tábìlì ká, wọ́n ń ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ mi. Èyí tó sanra jù nínú wọn ní, "Ẹni tó ń tà wá ni kò mọ iṣẹ́ wa." Mo tọrọ àforíjì. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, wọ́n sì tò wọnú kẹ̀kẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ariwo rẹ̀ rọlẹ̀.

Mo tún wà á, ọ́fíìsì wá yọ. Ó léfòó lójú òfuurufú, wọ́n fi okùn tí à ń sá aṣọ lé so ó mọ́ òpó iná kí ó má baà fò lọ. Ọ̀gá kan yọrí lójú fèrèsé, ó wọ kóòtù, ó de táì.

"Òógùn yín dà?"

Mo nu iwájú orí mi, mo fi ọwọ́ hàn án. Ó ní ó kéré, kí n ṣì máa wà á bọ̀. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ìwo ń hù lórí rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ń gùn, kí n tó mọ̀, ó ti di òbúkọ. Táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mi ò bá a wí, torí mo ti rí èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àwọn ọ́fíìsì ìjọba. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ okùn tí wọ́n fi so ọ́fíìsì.

"Ọ̀gá," mo ní, "okùn yẹn ló mú yín dúró o."

Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n àkókò oúnjẹ ọ̀sán ti tó.

Mo wá tẹra mọ́ pẹ́dà. Ó ku díẹ̀ kí ọwọ́ mi tó fèrèsé, ni ẹ̀gbọ́n mi Oyèlẹ́yẹ yọ láàárín ìlú tó ń bọ̀. Ó wọ agbádá búlúù tó fẹ́ràn, ó ń rìn jẹ́jẹ́. Mi ò tíì fojú kàn án láti ọjọ́ tí a ti sin ín, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí. Òun ló kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ gígùn nígbà tí mo wà ní kékeré, tó ń di ìjókòó mú, tó ń sá tẹ̀lé mi. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni n ó ti orí kẹ̀kẹ́ kí?

Mo gbé ẹsẹ̀ kan kúrò. Ìlú dúró. Òbúkọ ti jẹ okùn dé ìdajì.

"Ẹ̀gbọ́n mi," mo ní, omi ti wà lójú mi, "ẹ má bínú. Mi ò lè sọ̀kalẹ̀ kí yín."

"Ta ló ní kí o sọ̀kalẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń rín in. "Dá ẹsẹ̀ yẹn padà. Ibi tí mo wà, gbogbo wa la ti nà sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wá ìdọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Wà á, Ọláìtán. Máa wà á lọ."

Mo dá ẹsẹ̀ padà. Orí ìjókòó ni mo wà tí ẹ̀gbọ́n mi fi kọjá lára mi, mò ń sunkún, mò ń wà á. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn mi. Ó di ìjókòó mú, ó sá tẹ̀lé mi díẹ̀, lẹ́yìn náà ó jù ú sílẹ̀.

Ohùn Ìyá Ìbídùn ni mo gbọ́ tí mo fi la ojú. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ṣì ń yí lábẹ́ aṣọ ìbora, ìyàwó mi sì ti fara ti ògiri, ó ń fọwọ́ pa ojúgun rẹ̀.

"Bàbá Ìbídùn," ó ní, "ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń ta mí nípàá."

Ojú tì mí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ká ẹsẹ̀ mi jọ, mo ní n ó lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ ní pálọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ má lọ síbì kankan. Láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ̀rọ̀ yẹn, mo máa ń jí lóru láti gbé ọwọ́ síwájú imú yín, kí n mọ̀ bóyá ẹ ṣì ń mí. Òní nìkan ni mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ṣe ń ta mí yẹn, ọkàn mi balẹ̀, mo sì ń rí oorun sùn láàárín rẹ̀."

Mi ò mọ̀. Gbogbo òru tí mo fi ń hanrun, mi ò mọ̀ rárá. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó sún mọ́ mi. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọra fi ẹsẹ̀ ta á, kí ó lè sùn.